Ẹ̀jẹ̀ Lára Ọkọ̀ Ogun Oníke

"Ephraim, orúkọ ta ni mò ń wò yìí?"

Àdìzát na ìwé pélébé náà sí i lójú. Ìwé yìí ni wọ́n máa lẹ̀ síwájú ọkọ̀ ogun oníke tí àwọn méjèèjì ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tò fún ìdíje. Orúkọ Ephraim nìkan ló wà lórí rẹ̀.

Ephraim ò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kun ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà ní ọ̀dà tó jọ ìpẹtà. "Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n máa mú," ó ní. "Ẹni tó bá ṣe ipò kìíní ló máa lọ kọ́ iṣẹ́ yíya àwòrán ẹ̀rọ nílé-iṣẹ́ tó gbé ìdíje yìí kalẹ̀. Ṣé kí wọ́n gé àyè kan sí méjì ni?"

"Àbí èmi kọ́ ni mo tò ó?"

"Ìwọ kàn gé e, o sì lẹ̀ ẹ́ ni. Èmi ni mo sọ ọ́ di ọkọ̀ ogun."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún dé eegun. Kíláàsì kan náà ni wọ́n wà nílé-ìwé kan ní Sango, Àǹtí Bùkúnmi, olùkọ́ iṣẹ́ ọnà, ló sì gbé páálí tí àwọn ègé ike ọkọ̀ náà wà nínú rẹ̀ fún wọn. Ẹ̀wọ̀n tí ọkọ̀ náà fi ń rìn nìkan jẹ́ ọgọ́jọ ègé, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju èékánná ọmọ ọwọ́ lọ. Àdìzát ló gé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tó fi sáńpépà yún wọn, tó sì lẹ̀ wọ́n títí ọrùn fi ń ro ó. Lóòótọ́, Ephraim mọ ọ̀dà lò. Ó máa ń dúró létí títì Ìdíròkò láti wo bí ẹrẹ̀ ṣe ń gbẹ mọ́ ara tírélà, kó lè kun irú rẹ̀ sára ọkọ̀ wọn. Iṣẹ́ àwọn méjèèjì ni.

Yàrá àwọn olùkọ́ kò jìnnà, Àǹtí Bùkúnmi sì wà níbẹ̀. Àdìzát mọ̀ pé òun lè lọ pè é. Kò lọ. Ó na ọwọ́ gba ọkọ̀ náà.

Ephraim tì í. Orí rẹ̀ gbá etí tábìlì, ọ̀pá ìbọn ọkọ̀ náà sì kán. Nígbà tí Àdìzát dìde, ọ̀bẹ tín-ín-rín tó fi ń gé ike ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Àdìzát, ju ọ̀bẹ yẹn sílẹ̀!"

Ó fi ṣá a. Ephraim gbé ọwọ́ ọ̀tún dí ojú rẹ̀, ọ̀bẹ náà sì la àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ láti ìdí àtàǹpàkò dé ìka tó kéré jù. Ẹ̀jẹ̀ tú sára ọkọ̀ ogun, sórí ọ̀dà, sílẹ̀. Ephraim wo ọwọ́ rẹ̀, ó fẹ́ ká ìka rẹ̀ kò. Méjì kò dá a lóhùn. Ìgbà yẹn ló tó figbe ta.

Àǹtí Bùkúnmi sáré wọlé, ó tú ìborí rẹ̀, ó fi di ọwọ́ náà, wọ́n sì gbé e lọ sílé ìwòsàn. Dókítà ní iṣan méjì ti já.

Lọ́jọ́ kejì, ilé àwọn Àdìzát ní Ijoko ni ìjà tún bẹ́ sí. Jabez, ẹ̀gbọ́n Ephraim, tó ń ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ irin, kó ọ̀rẹ́ méjì wá pẹ̀lú ọ̀pá irin. Wọ́n fọ́ fèrèsé. Nùrẹ́nì, ẹ̀gbọ́n Àdìzát, jáde láti bá wọn sọ̀rọ̀. Jabez gbá a lẹ́nu kó tó sọ̀rọ̀ tán, eyín mẹ́ta jáde. Wọ́n ń fi irin lu egungun ìhà rẹ̀ nílẹ̀ nígbà tí ìyá tó bí i ṣubú lé e lórí, tó ń ké pé kí wọ́n pa òun dípò rẹ̀. Nígbà tí àwọn aládùúgbò dé ni wọ́n tó sá.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, Nùrẹ́nì pe àwọn ọ̀rẹ́ tirẹ̀ kí wọ́n lọ gbẹ̀san. Ojú rẹ̀ wú, kò lè mí dáadáa, síbẹ̀ àdá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àdìzát dúró sẹ́nu géètì.

"Kúrò lọ́nà."

"Mi ò kúrò, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹni tó kọ́kọ́ mú ọ̀bẹ lẹ ń wá, àbí? Èmi rèé. Ẹ ṣá mi."

"Ṣé o ò rí ohun tí wọ́n ṣe sí mi ni?"

"Mo rí i. Èmi ni mo fà á." Omijé ń dà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò yẹsẹ̀. Nùrẹ́nì wò ó pẹ́, ó sì jẹ́ kí àdá náà bọ́ sílẹ̀.

Lọ́jọ́ yẹn gan-an, Àdìzát àti ìyá rẹ̀ lọ sílé ìwòsàn. Jabez dìde láti lé wọn jáde, ṣùgbọ́n Àdìzát ti kúnlẹ̀.

"Ephraim, o rẹ́ mi jẹ. Ṣùgbọ́n èmi ni mo mú ọ̀bẹ, kì í ṣe èṣù. Jọ̀ọ́, dárí jì mí."

Ephraim gbé ọwọ́ tí wọ́n dì náà sókè. "Mi ò tíì lè dárí jì ẹ́," ó ní. "Mi ò lè di búrọ́ọ̀ṣì mú mọ́. Àmọ́ irọ́ ni mo kọ sórí ìwé yẹn." Ó yíjú sí Jabez. "Ẹ̀gbọ́n mi, ó tó. Ẹ má lu ẹnikẹ́ni mọ́ nítorí mi."

Wọ́n lé Àdìzát kúrò nílé-ìwé fún sáà kan, kò sì ṣe ìdánwò ọdún yẹn. Ọlọ́pàá mú Jabez fún eyín àti ìhà Nùrẹ́nì tó fọ́. Ẹlòmíràn ló gba àyè nílé-iṣẹ́ náà. Títí di òní, ìka méjì Ephraim kò ká.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí wọ́n bá rẹ́ yín jẹ, ẹ sọ ọ́ fún ẹni tó lè dá ẹjọ́ náà. Ẹ̀tọ́ Àdìzát kò sọnù nígbà tí wọ́n kọ orúkọ kan ṣoṣo sórí ìwé. Ìgbà tó mú ọ̀bẹ ló sọnù.