Ọkùnrin Aláwọ̀ Aró Létí Odò

Òjìji méjì ló ń tẹ̀ lé ọkùnrin náà lọ́jọ́ tí Nusaiba kọ́kọ́ rí i. Iná tí wọ́n so sí ọ̀tún àti òsì museum, ilé tí wọ́n ń kó àwòrán sí, ló fà á, ṣùgbọ́n òjìji kejì ga ju ti àkọ́kọ́ lọ díẹ̀, ó sì dà bí ẹni pé kò kánjú bí ẹni tó ni ín.

Olùkọ́ àwòrán yíyà ni Nusaiba, ní ilé-ìwé girama kan ní Houston. Ní ọ̀sán Sunday, á gbé pátákó àti ọ̀dà rẹ̀ síwájú àwòrán ńlá kan nínú museum náà, á máa dà á kọ. Odò ni, nígbà tí oòrùn ń wọ̀: omi pupa fẹ́ẹ́rẹ́, ojú ọ̀run aláwọ̀ ìyeyè, àwọn igi tó ga létí omi.

Ọkùnrin náà kí i kú iṣẹ́, ó ní kí ló dé tí òjìji igi kò fi dúdú.

"Ẹ sún sẹ́yìn," ni Nusaiba wí. "More. Ehn, ẹ wò ó báyìí. Kò sí òjìji tó dúdú tán. Aró wà ńbẹ̀, elésè-àlùkò náà wà ńbẹ̀. Ojú yín ló máa pò ó pọ̀."

Ó sún sẹ́yìn títí tó fi fẹ́ ṣubú lé bẹ́ǹṣì. Nusaiba rẹ́rìn-ín, ó ní kó má fọ́ museum mọ́ àwọn lórí.

Ùsáínì lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ìwó, ẹnjiníà nílé ìfọpo kan ní Baytown. Láti ọjọ́ náà, kò sí Sunday tí kò wá. Bí Nusaiba bá ti ń kùn, á jókòó sẹ́yìn rẹ̀, á máa pè é ní ayọ̀ mi, á sì máa bi í bóyá òun náà kò lè rí àyè díẹ̀ nínú àwòrán. Kí ọdún tó yípo, ìfẹ́ ti wọ̀ wọ́n lára.

Alhaji Hamid, bàbá Nusaiba, fẹ́ràn rẹ̀. Ó pè é sí ilé rẹ̀ ní Fulshear, ó ní kó mú àwọn ẹbí rẹ̀ wá tọrọ ọmọ. Ùsáínì dorí kodò. Ó ní ìyá òun ti búra pé ọjọ́ kan náà ni òun àti Alásánì, ìkejì òun nínú ìbejì, máa ṣe nikah ìgbéyàwó àwọn, Alásánì kò sì tíì dé.

"Níbo ló lọ?"

"Ó wá owó lọ, sà. Láti ìgbà tí a ti wà lọ́mọ ọdún méje."

Alhaji sìn ín dé ìta. Nígbà tí Ùsáínì lọ tán, Alhaji pe ọmọ rẹ̀, ẹni tí wọ́n bí sí Houston, ó ṣàlàyé. A kì í sọ pé ìbejì kú, kí ìkejì má baà tẹ̀ lé e; ó wá owó lọ là ń wí.

"So, Dad, Ùsáínì mọ̀?"

"Ó mọ̀. Kò kàn sí ẹni tó sọ ọ́ fún un rí ni. Mi ò sì lè fi ọmọ mi fún ẹni tó ń wọ̀nà fún òkú."

Ní ọ̀sẹ̀ náà ni Nusaiba parí àdàkọ rẹ̀. Ó gbé e ti ògiri ní apartment rẹ̀, ó fẹ̀yìn rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó sì rí ọkùnrin kan lábẹ́ igi. Kò sẹ́nì kankan nínú ti museum. Ó sún mọ́ ọn, kò rí ju ọ̀dà aró àti elésè-àlùkò tí òun fúnra rẹ̀ fi búrọ́ọ̀ṣì tò síbẹ̀. Ó padà sẹ́yìn, ọkùnrin náà tún dúró, ojú Ùsáínì ló ní, ó tẹ orí sí ọ̀tún. Nusaiba rò pé ìfẹ́ ló ń da òun láàmú. Ó fi ọ̀dà ìyeyè bò ó.

Nígbà tí ọ̀dà gbẹ, ọkùnrin náà ti kúrò lábẹ́ igi. Inú oòrùn ló wà, ó ti sún mọ́ omi. Nusaiba pe Ùsáínì wá.

Ùsáínì kò tíì bọ́ bàtà tó fi rí i.

"Ta ló sọ fún ẹ pé ó máa ń tẹ orí báyẹn? Etí ló máa ń dùn ún." Omi lé ròrò sójú rẹ̀. "Ó ti dàgbà."

Ó gbé ẹsẹ̀ síwájú, ọkùnrin náà tú ká, ó di àwọ̀. Ó fà sẹ́yìn, ọkùnrin náà pé jọ, ó sì tún sún mọ́ wọn sí i. Ùsáínì na ọwọ́ sí odò náà. Nusaiba rí i tí àwọ̀ aró ń gun ìka rẹ̀ bọ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀dà náà ti gbẹ.

"Mò ń bọ̀," ni Ùsáínì wí jẹ́jẹ́, kì í sì í ṣe Nusaiba ló ń bá sọ̀rọ̀.

Ó yé Nusaiba pé bí òun bá dákẹ́, òun ti pàdánù rẹ̀ nìyẹn. Ó di ojú rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

"Ùsáínì, wò mí. Alásánì ti kú."

Yàrá náà tutù. Ùsáínì jókòó sílẹ̀. "Inna lillahi wa inna ilaihi raji'un," ló wí. Ọ̀rọ̀ tí Mùsùlùmí ń sọ bó bá gbọ́ ikú, kò sọ ọ́ fún ìkejì rẹ̀ rí. Ó sunkún bí ọmọ ọdún méje, Nusaiba sì gbá a mọ́ra títí ọwọ́ rẹ̀ fi padà sí àwọ̀ tirẹ̀.

Wọ́n pe ìyá rẹ̀ ní Ìwó. Ùsáínì ní òun ti gbọ́ pé Alásánì ti kú. Ìyá béèrè ẹni tó sọ ọ́. Nusaiba kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì bí ẹni pé ìyá ń wò ó, ó ní òun ni, kí wọ́n má bínú.

"Kí n bínú kẹ̀? Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti gbé e sẹ́nu, ọmọ mi, tí mi ò rí i sọ. Ẹ lọ ṣe nikah yín."

Ùsáínì nu ojú. Ó bi Nusaiba bóyá Alhaji á wà nílé ní Saturday, àbí wọ́n ti rí ẹnjiníà mìíràn. Nusaiba ní kó ṣì máa bẹ òun ná. Ó wo àwòrán náà. Ọkùnrin yẹn ṣì dúró létí omi, kò sún mọ́ wọn, kò sì lọ. Ó mú búrọ́ọ̀ṣì, ó ní ṣé kí òun fi ọ̀dà bò ó.

"Fi í sílẹ̀," ni Ùsáínì wí. "Ẹlẹ́rìí méjì ni nikah ń fẹ́. Kí Alhaji wá ọ̀kan. Èmi ti rí tèmi."