Ohùn Inú Jíà Ẹ̀yìn

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àlọ́. Àwọn tó ṣojú wọn kò tíì tán ní Ìkòròdú, bí èèyàn bá sì dá a sílẹ̀ níwájú wọn, wọn a kọ́kọ́ bojú wẹ̀yìn kí wọ́n tó fèsì.

Ọdún tí Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì wá sí Nàìjíríà ni. Súbérù, ọmọ Ẹ̀pẹ́, ń ṣiṣẹ́ mẹkáníìkì lójú ọ̀nà Ìgbògbò. Apẹja ni gbogbo ilé bàbá rẹ̀. Òun nìkan ló sá fún omi, tó gba irin mú. Rọ̀kíbátù ni ìyàwó rẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, Kúbúrá, kò tíì já lẹ́nu ọmú, kò sì tíì mọ ọ̀rọ̀ kan sọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Bàbá Adélàjà, oníṣòwò gẹdú, wa Láńdírófà rẹ̀ dé. Kò tètè sọ̀ kalẹ̀. Ó jókòó, ó di sítíárì mú.

"Súbérù, jíà ẹ̀yìn ọkọ̀ yìí ń ké."

"Ẹ má dààmú, Bàbá. Jíà kékeré inú ẹ̀, píníọ̀n, ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀."

"Kì í ṣe irú igbe tí o rò."

Ó wá sọ ti Síkírù, dírẹ́bà rẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ ń bọ̀ láti Ẹ̀pẹ́ ni. Kí wọ́n tó dé Ìmọ̀ta, jíà bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Síkírù ní, "Ẹ gbọ́ o, orúkọ mi ló ń pè." Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Síkírù sì fi ẹ̀fẹ̀ dáhùn pé, "Èmi rèé." Kíá, igbe náà dákẹ́. Lọ́jọ́ kejì, lọ́sàn-án gangan, Síkírù dá ọkọ̀ dúró níbẹ̀ gan-an. Kò pa ẹ́ńjìnì. Ó wọ inú igbó lọ bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́.

"A wá a títí. A ò rí i," Bàbá Adélàjà wí. "Ọkọ̀ ti tún ń ké báyìí. Mi ò lè tà á fún ọmọ ẹlòmíì. Bá mi pa á lẹ́nu mọ́. Bí kò bá sì dákẹ́, má dá a lóhùn."

Súbérù tú ìdí ọkọ̀, ó gbé jíà ẹ̀yìn, èyí tó ń yí táyà ẹ̀yìn, lódindi sórí tábìlì. Iṣẹ́ sùúrù ni. Píníọ̀n ló ń yí jíà ńlá. Bó bá wọlé jù, á ké. Bí kò bá wọlé tó, á ké. Irin pẹlẹbẹ tó fẹ́lẹ́ bíi bébà ni wọ́n ń kì sẹ́yìn rẹ̀, tí wọ́n á máa yọ, tí wọ́n á máa fi kún, títí eyín á fi bá eyín mu. Súbérù kun eyín jíà ńlá lọ́dà pupa, ó fọwọ́ yí i, kó lè rí ojú ibi tí wọ́n ti ń pàdé.

Àmì tó hàn lára ọ̀dà náà wà láàárín gbùngbùn. Kò sí àléébù kankan.

Ẹ̀rù bà á. Ìbá tẹ́ ẹ lọ́rùn kó rí àbùkù.

Síbẹ̀, ó ní kí wọ́n ra píníọ̀n tuntun wá láti Èkó. Ó tò ó, ó wọ̀n ọ́n, ó kùn ún lọ́dà. Ó yí i. Kò dún rárá. Ó fi àpò bò ó, nítorí ọjọ́ Jímọ̀ ni, ó sì lọ kírun.

Nígbà tó ń bọ̀, oòrùn mú, òpópónà dá páropáro. Ó rí Rọ̀kíbátù nínú ṣọ́ọ̀bù, ó dúró ti tábìlì, oúnjẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, Kúbúrá wà lẹ́yìn rẹ̀. Àpò náà wà nílẹ̀. Jíà ń yí. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ó rọra ń yí, ó ń kùn lábẹ́lẹ̀. Bí Súbérù ṣe tẹsẹ̀ wọlé, jíà náà dúró.

"Bàbá Kúbúrá, ibo lẹ gbà jáde?"

"Jáde níbo? Mọ́ṣáláṣí ni mo ti ń bọ̀."

"Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ pè mí nísinsìnyí? Ohùn yín ni. 'Rọ̀kíbátù,' lẹ́ẹ̀mejì."

Súbérù sún mọ́ ọn. "O dáhùn?"

Obìnrin náà wò ó. "Ṣé kí ọkọ mi pè mí, kí n má jẹ́ ẹ ni?"

Súbérù wo eyín jíà. Ọ̀dà pupa kò sí lára wọn mọ́. Wọ́n mọ́ tónítóní, bí abọ́ tí wọ́n lá.

Kò fọwọ́ kan oúnjẹ. Ó di jíà náà sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ó gbé e lọ sí etí ọ̀sà, ó wọ ọkọ̀ ojú omi, ó sì jù ú sí ibi tó jìn. Omi kò ta sókè. Ó kàn gbà á ni.

Lọ́jọ́ kejì, kò ṣí ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí ọ̀sán ń pọ́n, ó ti ilẹ̀kùn ilé mọ́rí, ó fi gèlè Rọ̀kíbátù so ọwọ́ obìnrin náà mọ́ tirẹ̀. Wọ́n jókòó. Kúbúrá sùn sórí ẹní. Afẹ́fẹ́ dúró. Adìyẹ ẹ̀yìnkùlé dákẹ́.

Rọ̀kíbátù dìde.

"Níbo lò ń lọ?"

"Wọ́n ń pè mí."

"Èmi ò gbọ́ nǹkan kan. Jókòó, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́."

Kò jà. Kò sunkún. Ó kàn ń fà lọ síbi ilẹ̀kùn, bí omi ṣe ń fa ọkọ̀ tí wọ́n so mọ́ èèkàn. Gèlè ń ge Súbérù lọ́wọ́. Ó ti ẹsẹ̀ mọ́ ògiri. Agbára rẹ̀ ń tán lọ.

Kúbúrá lajú. Ó jókòó lórí ẹní, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Ó ya ẹnu, ó dáhùn ketekete, bí ọmọ tí bàbá rẹ̀ pè:

"Sà."

Gèlè dẹ̀. Rọ̀kíbátù jókòó wọ̀ọ̀, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ó béèrè ìdí tí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn mọ́rí.

Súbérù tú gèlè náà kúrò lọ́rùn ọwọ́ ìyàwó rẹ̀, ó sì so ó mọ́ ti ọmọ.