Nọ́ńbà Mẹ́rìnlá Kì Í Jà

"Àrínọlá, ṣé o ò ní dìde ni? Aago mẹ́ta ti lù!"

Caroline, tí òun àti Àrínọlá jọ ń ṣiṣẹ́, ti wọ bàtà gogoro, ó ti kun ètè, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá káàdì bí ẹni tí iná ń jó nídìí. Ọjọ́ Furaidé ni. Ọdún tí gbogbo Áfíríkà kó eré ìdárayá wá sí Sùúrùlérè ni, ẹ̀yin ọmọ. Èkó ò gbẹsẹ̀! Tíkẹ́ẹ̀tì méjì sì nìyẹn lọ́wọ́ Caroline.

Àrínọlá ò tíì pé ọmọ ọdún méjìdínlógún. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde fọ́ọ̀mù fáìfù ni. Iṣẹ́ tó rí ní ilé-iṣẹ́ kan ní Yábàá ni pé kó máa fi ẹ̀rọ lu ihò sára káàdì, torí káàdì oníhò ni kọ̀ǹpútà ayé ìgbà yẹn ń kà. Kọ̀ǹpútà ọ̀hún tóbi tó yàrá méjì, owó tó sì ń jẹ lóṣù, ẹ má bi mí. Ojú títì, afárá, kànga, gbogbo iṣẹ́ tí ilé-iṣẹ́ náà ń ṣe ló ní nọ́ńbà tiẹ̀. Ẹni tó bá lo ẹ̀rọ á kọ wákàtí àti nọ́ńbà iṣẹ́ rẹ̀ sínú ìwé. Tóṣù bá parí, wọ́n á pín owó ẹ̀rọ: iṣẹ́ tó bá lò ó púpọ̀, òun ló máa san púpọ̀. Àrínọlá ló ń kó àwọn ìwé wọ̀nyẹn jọ, tó ń sọ wọ́n di káàdì. Èyí tí kò bá ní nọ́ńbà, òfin ni pé kó gbé e padà tọ ẹni tó kọ ọ́ lọ, kó bi í léèrè.

Lọ́jọ́ yẹn, ìwé mọ́kànlá ni kò ní nọ́ńbà. Àwọn tó kọ wọ́n sì wà nínú ilé kejì, lókè pátápátá.

"Àǹtí Caroline, ẹ jẹ́ n sáré lọ bi wọ́n."

"Kó o lọ bi ta ni? Eré á ti parí kó o tó sọ̀ kalẹ̀! Fi nọ́ńbà kan sí i jàre."

"Nọ́ńbà ta ni?"

"Mẹ́rìnlá. Ṣebí ti Bọ̀ọ̀dá yín nìyẹn? Tó o bá dán an wò fáwọn aláfárá, ọ̀gá wọn á bú ẹ dé orí ìyá ẹ. Bọ̀ọ̀dá Jethro ńkọ́? Ṣé ó máa bá ọmọ ilé ẹ̀ jà ni?"

Ilé kan náà ni Jethro Oyèníran àti àwọn òbí Àrínọlá ń gbé ní Mùṣín, yàrá wọn kọjú síra. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n jọ jẹ́. Jethro ló mú ọmọ náà wá síbi iṣẹ́, òun ló ṣe onídùúró rẹ̀. Iṣẹ́ kànga tí òun àtèèyàn mẹ́fà ń ṣe, òun ni nọ́ńbà mẹ́rìnlá.

Inú Àrínọlá ń sọ fún un pé kò dáa. Ṣùgbọ́n ohun tí gbogbo wa máa ń rò nílẹ̀ yìí lòun náà rò: tiwa ni, ẹni tiwa ò ní bínú. Ó lu mẹ́rìnlá sára gbogbo ẹ̀. Wọ́n lọ wo eré, wọ́n jẹ gúgúrú, wọ́n pariwo títí ohùn wọn fi há.

Ẹsẹ̀ tó bá ti mọ ọ̀nà ẹ̀bùrú, títì gidi a máa jìn lójú ẹ̀. Lóṣù kejì, ìwé mẹ́sàn-án. Lóṣù kẹta, mẹ́rìndínlógún. Kò séré tó fẹ́ lọ wò lọ́tẹ̀ yìí o, ó kàn ń ṣọ̀lẹ ni. Lóòótọ́, Jethro ò wá jà. Ó wo iye tí wọ́n bù fún un, ó mirí, ó ní àfi kó jẹ́ pé àwọn ọmọ iṣẹ́ òun ló ń fi ẹ̀rọ ṣeré.

Nígbà tó di oṣù Épírì, Ọ̀gá Túbọ̀sún tó jẹ́ máníjà wo ìwé. "Kànga ló ń jẹ owó ẹ̀rọ ju afárá lọ? Ẹ tì í pa!" Èèyàn méje gba lẹ́tà lọ sílé.

Àrínọlá sáré lọ sọ́dọ̀ máníjà, ó kúnlẹ̀, ó jẹ́wọ́.

"Ìwé mélòó?"

"Mẹ́rìndínlógójì, sà."

"Omi ti dànù. Àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ ti fọwọ́ sí i. Kí n wá lọ sọ fún wọn pé ọmọdé kan ló fẹ́ lọ wo eré sísá? Ìwọ náà, lọ kó ẹrù ẹ."

Caroline ò tiẹ̀ gbójú sókè nídìí ẹ̀rọ tiẹ̀. "Èmi kọ́ o. Ọwọ́ mi kọ́ ló lù ú."

Nígbà tó dé Mùṣín, Mabel ìyàwó Jethro ti ń kó ìkòkò sínú àpò. Àrínọlá dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin, ó sọ gbogbo ẹ̀.

"Ṣàfíù, ọmọ iṣẹ́ mi, sunkún lójú mi," Jethro wí. "Ó ní àwọn ò lo ẹ̀rọ tó bẹ́ẹ̀. Mo pè é lólè. Ó ń lọ báyìí, ó mọ̀ mí sí ẹni tó pe òun lólè. Kí ló dé tó fi jẹ́ èmi, Àrínọlá?"

"Mo rò pé ẹ ò ní bínú, sà."

Jethro wọlé, ó rọra ti ilẹ̀kùn.

Ní Sátidé, mọ́tò kó Jethro àti Mabel padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Bàbá Àrínọlá bá wọn gbẹ́rù, Jethro sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Kò wo ọ̀dọ̀ ọmọ náà. Ẹni tó yàgbẹ́ lè gbàgbé, ẹni tó kó o ò ní gbàgbé.

Ẹ̀yin ọmọ, iṣẹ́ tí wọ́n bá gbé fún yín, ẹ ṣe é dé ìdí, kódà kí ọ̀rẹ́ máa pè yín lẹ́nu ọ̀nà. Iye tẹ́ ẹ bá kọ sínú ìwé, èèyàn ló wà lẹ́yìn ẹ̀, ó níyàwó, ó lọ́mọ. Ẹ̀bẹ̀ tó bá sì pẹ́ kó tó dé, etí ni í gbọ́ ọ, kì í tún nǹkan ṣe.