Ẹran Àbùùbùtán

Bọ̀ọ̀dá Olútúndé sọ àpò náà kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn ojú rẹ̀. Òun ni àbúrò bàbá Ayọ̀mípọ̀sí àti Olúwadùnsìn, tó ń fi ọkọ̀ kó ẹja láti etí òkun wá sí Ìdànrè.

"Ẹran àbùùbùtán ni. Òkun ló gbé òkú rẹ̀ jáde. Àdá àti àáké ni wọ́n fi pín in, wọ́n sì yan án."

"Ẹ ṣé, Bàbá Kékeré," ni ìyá wọn wí. Ó jókòó, ó mí kanlẹ̀. Òjò ti ba kòkó wọn jẹ́ lọ́dún yẹn, oko olóko ló ń lọ ro lọ́nà Atosin. Ó ti tó oṣù méjì tí ìkòkò wọn ti rí ẹran gbẹ̀yìn. Ayọ̀mípọ̀sí, àkọ́bí rẹ̀, sì wà nílé pẹ̀lú oyún oṣù mẹ́fà. Ọkọ rẹ̀ ti wá iṣẹ́ lọ sí Èkó, kì í fi bẹ́ẹ̀ pè mọ́.

Olúwadùnsìn, àbúrò Ayọ̀mípọ̀sí, ló tú àpò náà.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Ọ̀gbẹ́ni Ignatius, olùkọ́ bàọ́lọ́jì Dùnsìn nílé ìwé, gbọ́ pé ẹran náà ti wọ ìlú. Ó pa ìwé dé.

"Mẹ́kúrì, irin olómi tó ń dán bíi fàdákà, ń ti èéfín ilé iṣẹ́ àti ibi tí wọ́n ti ń wa góòlù wọ inú òkun. Ẹja kékeré á gbé e mì, ẹja ńlá á jẹ ẹja kékeré. Àbùùbùtán tó ń jẹ ẹja ńlá á máa kó o jọ sára fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó lè ba ọpọlọ ẹni tó bá jẹ ẹran náà jẹ́, àti kíndìnrín rẹ̀, àti ọmọ inú rẹ̀ bó bá lóyún."

"Tí wọ́n bá sè é jinná ńkọ́, sà?" Dùnsìn béèrè.

"Iná kì í yọ ọ́. Aláboyún ló yẹ kó sá fún un jù."

Dùnsìn pinnu pé òun yóò sọ ọ́ bí òun bá ti délé. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé, ìyá rẹ̀ ti sùn lọ sórí ẹní tòun ti bàtà oko lẹ́sẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín nídìí ààrò.

"Wá jẹun. Ọmọ yìí ń ta sọ́tùn-ún sósì bó bá ti gbóòórùn ẹran."

Ó ti pẹ́ tí Dùnsìn ti rí ẹ̀rín yẹn. Ebi sì ń pa òun náà, ebi kì í sì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ó jẹun. Ó ní ó di ọ̀la. Ọ̀la di ọ̀sẹ̀ méjì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ayọ̀mípọ̀sí mú ègé tó tóbi jù nínú abọ́ tirẹ̀, ó fi sínú ti Dùnsìn. "Jẹ ẹ́. Ìdánwò rẹ ti sún mọ́lé."

Dùnsìn ò lè gbé e sẹ́nu. Gbogbo ohun tí olùkọ́ wọn sọ nípa ẹran náà ló rò fún un, ó ń wolẹ̀.

"Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Ọ̀sẹ̀ méjì, Àǹtí."

Ayọ̀mípọ̀sí ti abọ́ sẹ́yìn. Ìyá wọn gbọ́ ọ, ó mú ọkọ́, ó gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ó ri èyí tó kù mọ́lẹ̀. Ó lọ sọ fún Bọ̀ọ̀dá Olútúndé.

Nígbà tí Ayọ̀mípọ̀sí lọ sí ìbùdó ìlera, nọ́ọ̀sì ní kò sẹ́ni tó lè sọ ohun tí ẹran náà ti ṣe fún ọmọ inú rẹ̀. "Kó o má jẹ ẹ́ mọ́. Bó o bá bí i tán, ẹ máa kíyè sí bó ṣe ń gbọ́ràn àti bó ṣe ń ríran."

Obìnrin ló bí. Láràárọ̀, Ayọ̀mípọ̀sí á pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn orí ọmọ náà, á sì dúró. Ọmọ á yíjú. Síbẹ̀, á tún pàtẹ́wọ́ lọ́jọ́ kejì.

"Àǹtí, ẹ dárí jì mí."

"Mi ò bínú mọ́, Dùnsìn. Ó kàn rẹ̀ mí ni."

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Dùnsìn ti wá mọ̀ pé tẹlòmíràn náà lè bá a lọ. Ẹni tó bá mọ ewu tó wà nínú oúnjẹ ará ilé rẹ̀, ọjọ́ tó mọ̀ ọ́n gan-an ni kó sọ ọ́, kódà bí ebi bá ń pa gbogbo ilé.