Kóòtù Dá Gonario Sílẹ̀, Ọkàn Rẹ̀ Kò Dá A Sílẹ̀

Ẹ sún mọ́ bí, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà, wọlé. Ẹni tó ń fún wàrà lọ́wọ́, kó gbé korobá kalẹ̀ díẹ̀. Inú mi ń dùn lónìí, orin kún ẹnu mi, nítorí ìtàn olè kan ni mo fẹ́ sọ, olè tí ìjọba ní kì í ṣe olè.

Gonario ni orúkọ rẹ̀. Darandaran ni, ní abúlé Orovai, lórí òkè Sadíníà, erékùṣù tí òkun yí ká, níbi tí àgùntàn ti pọ̀ ju ènìyàn lọ. Bí ọmọ bá ti mọ ojú bàbá rẹ̀ níbẹ̀, ohun tó kàn tí yóò mọ̀ ni ìlà etí àgùntàn ilé wọn. Ẹ̀là kan létí ọ̀tún, ihò kan létí òsì, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ti lágbájá nìyí.

Ní oṣù tí àgùntàn ń bímọ, Gonario wọ ọgbà Bàbá Predu, aládùúgbò rẹ̀, ó kó ogójì àgùntàn lọ. Arúgbó ni Predu. Ogójì náà ni gbogbo ohun tó ní láyé. Gonario kó èyí tó pọ̀ jù sọdá òkun, ó tà wọ́n. Ṣùgbọ́n méje wà níbẹ̀ tó dára púpọ̀, ojú rẹ̀ ò lè kúrò lára wọn. Ó kó wọn mọ́ tirẹ̀, ó sì gé etí wọn mọ́lẹ̀ kanlẹ̀ kí ìlà má baà sọ̀rọ̀.

Ọlọ́pàá rí àwọn àgùntàn aláìletí náà, wọ́n mú un.

Wọ́n gba onídùúró rẹ̀, ó wá lọ́yà lọ sí ìlú. Lọ́yà Lodde ni wọ́n ń pè é, ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Gonario fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àlàyé, lọ́yà na ọwọ́ sókè.

"Má sọ ọ́ fún mi. Ohun tí etí mi kò bá gbọ́, ẹnu mi kò lè ṣì í sọ. Àwọn ni kí wọ́n fi hàn pé o jalè. Ìwọ, pa ẹnu rẹ dé."

Gonario pa ẹnu dé.

Ọjọ́ ẹjọ́ pé. Lọ́yà kọjú sí Bàbá Predu tó di fìlà rẹ̀ mú lọ́wọ́ méjèèjì. "Bàbá, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé tiyín ni àwọn àgùntàn yìí?"

"Ṣé ìwọ náà ò mọ ọmọ rẹ ni?"

"Mo mọ̀ ọ́n, Bàbá. Tèmi létí!"

Ni gbogbo kóòtù bá bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Predu tẹ orí ba. Lọ́yà ní ajá lè bu etí àgùntàn jẹ, ẹ̀gún lè ya á, àti pé ta ló rí oníbàárà òun nínú ọgbà? Kò sẹ́ni tó rí i. Adájọ́ ní ẹ̀rí kò tó. Wọ́n dá Gonario sílẹ̀, wọ́n tún dá àgùntàn méje padà fún un.

Lọ́yà gbá a léjìká. "Ó parí! Títí ayé, wọn ò lè pè ọ́ lẹ́jọ́ lórí àgùntàn yìí mọ́."

Gonario fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kò wá.

Àṣé adájọ́ kan ṣì kù tí kì í ti kóòtù rẹ̀. Bí Gonario bá bẹ̀rẹ̀ láti fún wàrà, àwọn méje náà a yíjú, kùkùté etí wọn a máa mì níwájú rẹ̀. Oúnjẹ di iyanrìn lẹ́nu rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò lé e, ó ń sá. Ó ń gba ẹ̀yìn òkè kó má baà rí ọgbà òfìfo Bàbá Predu. Ó sì gbọ́ pé ọmọbìnrin bàbá náà ti fẹ́ wá mú un lọ sí ìlú ńlá, kó lọ máa gbé yàrá kan lórí àjà kẹfà, níbi tí koríko kò sí. Ṣé kí arúgbó lọ kú síbẹ̀ nítorí tirẹ̀? Orin tó wà lọ́kàn Gonario nìyí:

*Adájọ́ ayé ní, "Máa lọ,"*
*Ọkàn mi ní, "Dúró ná."*
*Ibo ni n ó sá gbà, Olúwa,*
*Tí mo gbé ẹlẹ́rìí sínú?*

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtìgbà èwe, Zuanne, bá a lẹ́bàá odò. Zuanne ti gba Jésù gbọ́, àwọn darandaran a sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé àlùfáà oníwàrà ni.

"Gonario, o rù o. Ṣé ẹjọ́ yẹn ò tíì parí ni?"

"Ó ti parí. Wọ́n dá mi sílẹ̀."

"Mo gbọ́. Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́, o ti dá ara rẹ sílẹ̀?"

"Jọ̀ọ́, fi mí lọ́rùn sílẹ̀, àlùfáà oníwàrà!"

"Mo ti fi ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ Alágbàwí kan. Lọ́yà tìrẹ ní kí o pa ẹnu dé, tèmi ní kí n la ẹnu. Tìrẹ sá fún òtítọ́. Tèmi ti mọ òtítọ́ nípa mi kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó sì ti jẹ ìyà mi sílẹ̀ dè mí. Jésù ni."

Gonario tutọ́ sílẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ náà bá a lọ.

Ní Orovai, bí darandaran bá pàdánù agbo rẹ̀, gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ a mú àgùntàn kọ̀ọ̀kan wá fún un kó lè tún bẹ̀rẹ̀. Paradura ni wọ́n ń pè é, àkókò sì tó láti ṣe é fún Bàbá Predu. Àwọn àgbà ń lọ láti ilé dé ilé, wọn kì í fo ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá fo ilé Gonario, wọ́n ti pè é lólè nìyẹn, kóòtù sì ti ní kì í ṣe olè. Wọ́n dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó mú abo àgùntàn tó sanra jù nínú tirẹ̀. Ó rò pé ẹyọ kan yóò bo ogójì mọ́lẹ̀.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi ni. Bàbá Predu dúró lẹ́nu ọgbà. Bí ẹnì kan bá ti fa àgùntàn lé e lọ́wọ́, bàbá a gbé ọwọ́ lé e léjìká, a súre bí àwọn baba wọn ti ń súre: "Bí o ti ṣe sí mi, kí Ọlọ́run ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọ." Ẹni náà a ní, "Àmín." Zuanne ṣàmín. Ó kan Gonario.

Arúgbó gbé ọwọ́ lé e léjìká. Kò sí ẹ̀tàn lójú bàbá rárá.

"Bí o ti ṣe sí mi, Gonario, kí Ọlọ́run ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọ."

Gbogbo wọn ń retí àmín.  Gonario ṣubú lulẹ̀ nínú ìgbẹ́ àgùntàn, ó di ẹsẹ̀ bàbá mú.

"Bàbá, ẹ gba àdúrà yẹn padà! Ẹ má jẹ́ kí Ọlọ́run gbọ́ ọ! Èmi ni mo kó wọn. Èmi ni mo gé etí wọn!"

"Ṣebí mo sọ!" ẹnì kan pariwo. "Olè! Ó tún mú ẹyọ kan wá fi dí wa lójú!" Ẹlòmíràn ti gbé ọ̀pá sókè. Zuanne kúnlẹ̀ ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú ìgbẹ́ kan náà.

"Gonario, o ti sọ fún wa. Sọ fún Un wàyí."

Gonario la ẹnu tí lọ́yà ní kó pa dé. "Jésù, olè ni mí. Wọ́n ní mi ò jalè, irọ́ ni, mo jalè. Kò sí ohun tí mo lè rò. Bá mi gba ẹjọ́ mi rò. Ṣàánú mi." Ó ń sunkún bí ọmọ ọwọ́. Bó sì ti ń sunkún, ẹrù náà ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń sọ̀ kalẹ̀, títí èémí rẹ̀ fi délẹ̀.

Bàbá Predu wò ó nílẹ̀ níbẹ̀. "Méje tèmi dà?"

"Mo ń lọ mú wọn wá, Bàbá. Ẹ mú agbo tèmi pẹ̀lú. Gbogbo rẹ̀."

"Gbogbo rẹ̀ kẹ̀? Kí a tún wá máa ṣe paradura fún ìwọ náà? Dìde jàre! Ogójì mi ni kí o dá pé. Bí Ọlọ́run bá ní kí òun ṣe sí wa bí a ti ṣe, ta ni yóò dúró nínú gbogbo wa?"

Ẹni tó gbé ọ̀pá sókè rọra gbé e kalẹ̀.

Lọ́yà Lodde gbọ́, ó pè é lórí fóònù. "Ṣé orí rẹ pé? Lẹ́yìn gbogbo wàhálà mi!"

"Ẹ ṣe iṣẹ́ yín dáadáa, ọ̀gá. Ẹ gbà mí lọ́wọ́ adájọ́. Ẹlòmíràn ló gbà mí lọ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀."

Wọ́n sun àgbò méjì lọ́jọ́ náà. Búrẹ́dì pẹlẹbẹ wà, wàràkàṣì tuntun wà. Gonario jẹun, ó tún bu òmíràn. Bàbá Predu kò lọ sí ìlú ńlá mọ́. Olúkúlùkù yó, wọ́n kọrin lọ sílé.

Ìwọ tí o ń gbọ́ ìtàn yìí ńkọ́? Bóyá o kò kó àgùntàn ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí o gé mọ́lẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀ ọ́n, ìwọ sì ń fi àwáwí gbèjà ara rẹ. Ọjọ́ ńlá kan ń bọ̀, àwáwí kò ní wọlé. Alágbàwí náà kò tíì padà lẹ́yìn rẹ. Má ní dọ̀la. Níbi tí o jókòó sí yìí, la ẹnu rẹ, jẹ́wọ́ fún Un lónìí. Tábìlì ti wà ní títẹ́, àyè rẹ ṣófo, ọmọ mi. Wá jẹun, kí ìwọ náà tó máa lọ sílé.