Ẹyẹ Màmá Ìṣẹ́yìn

Àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè ni wọ́n bá Kóòṣì Yínúsà lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ní Karmo, l'Ábújá, ó ti kú. Kò ṣàìsàn. Ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè tó ṣáájú, ó ṣì ń pariwo mọ́ Lateefah nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń gbá badmíńtìnì. Ẹni tó sùn tí kò jí, ẹ̀yin náà mọ ohun tí àwọn èèyàn máa ń sọ.

Láti ọjọ́ náà ni nǹkan ti dojú rú fún Lateefah, ọmọ Kàmọ́rù awakọ̀, tó ń gbé ní Karu pẹ̀lú àwọn òbí rẹ̀. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni, badmíńtìnì sì ni iṣẹ́ rẹ̀, èyí tí wọ́n ń gbá lẹ́nìkọ̀ọ̀kan: ìwọ nìkan lápá kan, alátakò rẹ lápá kejì, kò sẹ́ni tí o máa di ẹ̀bi rù. Ìdíje mẹ́ta ló lọ lẹ́yìn ikú kóòṣì, ìpele àkọ́kọ́ ló ti já bọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló sì kù kí wọ́n yan àwọn tó máa ṣojú Nàìjíríà.

Priscilla, aládùúgbò wọn, ló kọ́kọ́ rí Màmá Ìṣẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n Kàmọ́rù obìnrin tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Ìdájí ni. Màmá jókòó sẹ́yìn ilé, ó ń gbé ìyẹ́ funfun lé orí ìkòkò omi tó ń hó, ó ń dá sọ̀rọ̀.

"Kai! Mama Lati, I no dey lie o," Priscilla sọ fún ìyá Lateefah. "Màmá dey talk to feather! Ó ní, 'Ẹ̀yin méje yìí ò tíì kú, ẹ ṣì máa fò.'"

Ìyá Lateefah ò dúró gbọ́ ìyókù. Ó sáré wọ yàrá ọmọ rẹ̀.

"Lateefah, kí ni màmá ń fi ìyẹ́ ṣe láàárọ̀ kùtù?"

Lateefah mọ̀. Ẹyẹ ni àwọn tó ń gbá badmíńtìnì ń pe ohun tí wọ́n ń gbá, ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ ni wọ́n sì fi ṣe é. Ọyẹ́ Àbújá a máa mú kó gbẹ títí á fi máa ṣẹ́, àfi tí wọ́n bá fi ooru omi mú un rọ̀. Kóòṣì fúnra rẹ̀ ló kọ́ màmá, torí pé ọwọ́ màmá kì í gbọ̀n. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ì bá parí ọ̀rọ̀ náà.

"Mi ò mọ̀, mọ́mì," ni Lateefah wí.

Ẹ má tíì bú u. Ó ti lé lóṣù mẹ́rin tí orúnkún rẹ̀ ọ̀tún ti bàjẹ́, kóòṣì nìkan ló mọ̀. Ní ọjọ́ Sọ́ńdè yẹn, ó sọ fún un pé, "Tí o ò bá sọ fún bàbá ẹ lónìí, èmi á pè wọ́n láàárọ̀ ọ̀la." Tí bàbá bá gbọ́, kò ní jẹ́ kó gbá mọ́, wọ́n á sì yọ ọ́ lára àwọn tí wọ́n fẹ́ yàn, ó parí nìyẹn. Lateefah gbàdúrà nínú bọ́ọ̀sì títí ó fi délé: "Ọlọ́hun, pa á lẹ́nu mọ́."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹnu kóòṣì ti pa mọ́. Àbí "pa á" nìkan ni Ọlọ́hun gbọ́? Ìbéèrè yìí ò jẹ́ kí ọmọ náà lè jẹun. Ẹ̀rù ara rẹ̀ ń bà á. Bí wọ́n bá wá rí ẹlòmíràn pè ní àjẹ́, ara rẹ̀ á fúyẹ́ díẹ̀.

Àárín ilé ò rójú mọ́.

"Bàbá Lateefah, yálà kí ẹ̀gbọ́n yín jáde, tàbí kí èmi jáde!"

"Ẹ̀gbọ́n tó tọ́ mi dàgbà?"

"Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí! Kóòṣì ti lọ, ẹsẹ̀ ọmọ mi ò gbé e mọ́, ẹ ní ká máa wòran?"

Àdàbà lásán bà sórí táǹkì omi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ìyá Lateefah ju bàtà lù ú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ tí wọ́n ń pa làpálàpá, nígbà tí Lateefah ń ti ilẹ̀kùn mọ́rí, tó ń fi aṣọ di orúnkún.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Alfa tí wọ́n ránṣẹ́ sí dé. Wọ́n gbé Kùránì sórí tábìlì ní pálọ̀. Màmá ní òun ṣe tán láti búra pé òun kì í ṣe àjẹ́.

"Ẹ fetí sílẹ̀ o," ni Alfa wí. "Ìbúra yìí á mú ẹni tó ṣe é. Á sì mú ẹni tó mọ̀, tó panu mọ́."

Màmá ti ṣe àlùwàlá, ó na ọwọ́ síwájú. Ọwọ́ náà ò gbọ̀n rárá.

"Ẹ dúró!" Lateefah figbe ta. "Ẹyẹ tí mo fi ń gbá badmíńtìnì ni màmá ń tún ṣe! Orúnkún mi ló ń dùn mí. Kóòṣì mọ̀. Èmi náà mọ̀."

Kàmọ́rù gbé ẹsẹ̀ ṣòkòtò ọmọ rẹ̀ sókè, ó rí bí orúnkún ṣe wú. Ìyá Lateefah kúnlẹ̀ síwájú màmá, ó ń sunkún. Ṣùgbọ́n ọmọ ni màmá ń wò.

"Lateefah, ká ní Alfa sọ pé èmi nìkan ni ìbúra náà yóò mú ńkọ́?"

Lateefah fa ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ wálẹ̀, ó fi bo orúnkún.

"Mo dárí jì ẹ́," ni màmá wí. "Ṣùgbọ́n mi ò lè sùn nínú ilé yìí mọ́."

Ó mú báàgì rẹ̀, ó kọrí sí títì márosẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń wọkọ̀ gáréèjì. Ẹ̀bẹ̀ ò wọ̀ ọ́ létí. Lateefah sáré tẹ̀ lé e, orúnkún yẹ̀ lẹ́nu géètì, ó ṣubú, ó dìde, ó ń wọ́ ẹsẹ̀. Ẹni àádọ́rin ọdún ló ń rìn lọ níwájú, kò tilẹ̀ yára. Ọmọ tí sísáré jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ kò lè bá a.