Bátìrì Tó Sùn Lórí Sàréè

Mi ò fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kún ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́ lè wá sí ilé wa ní Pópó Yemọja, kó wo sàréè tó wà lójúde, kó sì fi ọwọ́ kan símẹ́ǹtì rẹ̀. Kó ṣáà wá lọ́sàn-án.

Bàbá tó bí bàbá wa, Bàbá Fàsásì, ni wọ́n sin síbẹ̀. Wọ́n ti kú kí Afeez, ẹ̀gbọ́n mi, tó dáyé. Símẹ́ǹtì náà tẹ́jú, oòrùn sì máa ń pa á dáadáa. Ibẹ̀ ni Ìyá Kúlúsúmù, ìyàwó wọn, máa ń sá ata sí. Bí ọjọ́ bá ti ń rọ̀, wọ́n á pariwo láti inú ilé:

"Ẹ kó o wọlé! Ohun tó bá sùn síbẹ̀ ti di tirẹ̀."

A rò pé ọ̀rọ̀ àgbàlagbà lásán ni.

Èmi àti Afeez ló ń bójú tó ilé gèémù tó wà ní yàrá iwájú. Mo ti ṣe wáẹ̀kì tán, mi ò tíì rí yunifásítì wọ̀. Afeez lọ ra páàdì gèémù méjì tí kò ní wáyà, torí pé bí inú bá ti ń bí àwọn oníbàárà, wáyà ni wọ́n máa ń fà já. A ò mọ̀ pé bátìrì ni yóò jẹ èrè wa. Méjì méjì ni páàdì ń gbà. Bátìrì tó dára wọ́n. Èyí tó pọ́ọ́kú kì í rí ìrọ̀lẹ́.

"Páàdì yín ti kú o!" Tóbilọ́ba, oníbàárà wa kan, ló pariwo bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan.

"Wọ́n ti nà ẹ́ ní góòlù mẹ́rin, o wá ń bú páàdì," Afeez dá a lóhùn. "Mikail, lọ sá bátìrì."

Bẹ́ẹ̀ la máa ń ṣe. Bí oòrùn bá pa bátìrì tó ti kú, ó máa ń jí díẹ̀. Mo tò wọ́n sórí sàréè. Èrò wá pọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìyá ti lọ kí àbúrò wọn ní Òjé, wọ́n sì sùn síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó pariwo. Mo gbàgbé.

Láàárọ̀ mo bá wọn níbẹ̀. Ìrì ti bo gbogbo sàréè. Ara bátìrì gbẹ. Wọ́n gbóná lọ́wọ́ mi.

A kì wọ́n bọ páàdì. Àmì bátìrì tó wà lójú tẹlifíṣọ̀n kún. Ó kún dalẹ́. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó ṣì kún. Inú Afeez dùn débi pé ó ń jó. Èmi ni mo rí i pé, bí ẹnikẹ́ni kò bá fọwọ́ kan páàdì náà, bọ́tìnì rẹ̀ a máa rì díẹ̀díẹ̀, a tún gbéra. Bí àyà ẹni tó ń sùn.

Mo sọ fún un.

"Ojú ẹ ti pọ̀ jù," ló wí.

Ooru wá mú lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan. Kò síná. Afeez gbé ìrọ̀rí, ó gba ojúde lọ.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sùn síbẹ̀."

"Ìwọ máa laágùn nínú ilé. Mi ò bá ẹ jà."

Láàárọ̀, ìrì bo sàréè. Ara Afeez gbẹ.

Láti ọjọ́ náà, mi ò rí i kó yán. Kò laágùn mọ́. Bí mo bá ta jí lóru, á jókòó sórí ẹní, ojú rẹ̀ á là sílẹ̀. Bí òjò tiẹ̀ ń rọ̀, ọwọ́ rẹ̀ gbóná bíi símẹ́ǹtì tí oòrùn pa.

"Ṣé kì í rẹ̀ yín ni?" Tóbilọ́ba bi í.

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kì í ṣe èyí tí mo mọ̀.

Mo yọ bátìrì méjèèjì inú páàdì náà nígbà tí Afeez lọ pọn omi. Mo jù wọ́n sí gọ́tà. Mo padà wọlé.

Iná páàdì kò kú.

Lọ́sàn-án gangan ọjọ́ kejì, Ìyá gbé ata jáde. Afeez dúró níwájú sàréè. Ìyá wò ó. Wọ́n wò ó pẹ́. Àtẹ ata bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ìyá wa yìí, tí orúnkún kì í jẹ́ kí wọ́n dìde kírun, kúnlẹ̀ sáàárín ata.

"Ẹ káàbọ̀," ni wọ́n wí.

"Àbẹ̀kẹ́," Afeez dáhùn. "Dìde."

Mi ò gbọ́ orúkọ yẹn rí, lẹ́nu ẹnikẹ́ni nílé wa.

Nígbà tí Afeez wọlé, mo sáré bá Ìyá ṣa ata.

"Ìyá, bọ̀dá mi ńkọ́?"

Wọn ò wò mí. "Ìwọ ṣáà má sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀."

Mo gbìyànjú. Ṣùgbọ́n yàrá kan náà la jọ ń sùn. Lánàá, lẹ́yìn ìrun alásàrì, mo kàn fi orí lé tábìlì ilé gèémù díẹ̀ ni.

Nígbà tí mo lajú, símẹ́ǹtì ló wà lábẹ́ ẹ̀yìn mi. Ó gbóná. Ẹnìkan ti fi ìrọ̀rí sábẹ́ orí mi. Afeez jókòó tì mí, páàdì kan wà lórí itan rẹ̀, ó gbé ìkejì sórí àyà mi. Mo fetí sílẹ̀ fún ohùn Ìyá. Ilé pa rọ́rọ́.

Afeez ń wo ojú ọ̀run.

"Oòrùn ò tíì wọ̀ tán," ló wí, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Padà sùn."